Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹ̀dọ̀ Tí Ọ̀rá Kún, Láti Ìdí Ṣúgà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni ó jẹ́ pé ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ ekogíráfì wo ikùn wọn nítorí nǹkan mìíràn ni ó kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ọ̀rá ti kún ẹ̀dọ̀ wọn, àgbo tí yóò fọ ẹ̀dọ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn ń wá lọ láti ibẹ̀. Èmi kò gbà pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn egbòogi kan wà tí wọ́n lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà tí ara ń gbà lo ṣúgà ni ìṣòro náà ti wá.

Ínsúlíìnì ni ó ń jẹ́ kí iṣan ara gba ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀. Bí iṣan kò bá dá a lóhùn dáadáa mọ́, ara yóò máa pèsè rẹ̀ sí i kí ṣúgà má baà ga. Ẹ̀dọ̀ wá ń gbọ́ràn sí i ní apá kan ṣoṣo: kò dẹ́kun títú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dẹ́kun sísọ èyí tí ó pọ̀ jù di ọ̀rá. Ọ̀rá tí ó wà nínú ikùn náà, tí ó yẹ kí ínsúlíìnì dá dúró síbi tí ó wà, yóò tún máa ṣàn bá ẹ̀dọ̀. Bí ọ̀rá bá ti wà nínú ohun tí ó ju 5 lọ nínú 100 sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, àìsàn ti dé nìyẹn, ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá yìí yóò sì tún mú kí ara kọ ínsúlíìnì sí i.

Ẹ kọ́kọ́ mú okùn ìwọ̀n aránṣọ, kí ẹ fi wọn ikùn yín láàárín eegun ìhà ìsàlẹ̀ àti eegun ìbàdí. Bí ó bá tó sẹ̀ntímítà 94 fún ọkùnrin tàbí 80 fún obìnrin, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wò ní òwúrọ̀ láìjẹun, àti triglycérides (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀), ASAT àti ALAT (èròjà tí ẹ̀dọ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí ó bá fara pa) pẹ̀lú iye plaquettes (èròjà tí ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì). Ṣúgà tí ó wà láàárín gíráàmù 1.10 sí 1.25 nínú lítà kan jẹ́ ìkìlọ̀, 1.26 sókè, bí wọ́n bá rí i lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni. Ẹ má jẹ́ kí ALAT tí kò ga tàn yín jẹ, nítorí pé ẹ̀dọ̀ lè lọ́ràá kí ó má ga. Dókítà lè fi ọjọ́ orí, ASAT, ALAT àti plaquettes ṣírò FIB-4, nọ́mbà tí a fi ń wo bóyá àpá ti wà lára ẹ̀dọ̀. Fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 65, bí ó bá kéré sí 1.3, kò dà bíi pé àpá burúkú ti wà lára ẹ̀dọ̀. Kí ẹ sì béèrè àyẹ̀wò hepatítìsì B pẹ̀lú, nítorí pé ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Benin, ẹ̀dọ̀ kan náà sì ni ó ń bá jà.

Ní ti oúnjẹ, ohun mímu dídùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀: ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kafé tí wọ́n da mílíìkì dídùn sí pẹ̀lú búrẹ́dì funfun, àti gààrí tí a fi ṣúgà mu. (Kafé tí kò ní ṣúgà kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan, ó tilẹ̀ dà bíi pé ó ń ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́.) Ẹ̀kọ àti ẹ̀bà kò di èèwọ̀, ẹ dín wọn kù, kí ẹ̀fọ́ gbà tó ìlàjì àwo, kí ẹ̀wà tàbí ẹja sì tẹ̀ lé e. Ẹ jáwọ́ nínú sódàbì, ọtí líle tí a fi ẹmu sè. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí ó ti bu, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó lọ́jà Ouando, ẹ má rà á: májèlé inú ẹbu náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ gan-an.

Ẹ máa rìn kánkán tó 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kí ẹ fi ọ̀kadà zémídjàn sílẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn. Iṣan tí ó ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ṣúgà láìdúró de ínsúlíìnì, èyí ni mo fi ka ìrìn sí ju egbòogi ẹ̀dọ̀ èyíkéyìí tí wọ́n ń tà káàkiri lọ. Ẹni tí ó sanra tí ó wọn kílò 90, bí ó bá dín 4.5 kù, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò máa lọ sílẹ̀. Bí ó bá dín 6.3 sí 9 kù, ìwúlé inú ẹ̀dọ̀ náà lè rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó ṣe é díẹ̀díẹ̀, nítorí pé fífi ebi pa ara lè mú kí ẹ̀dọ̀ wú sí i.

Bí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó dín oúnjẹ kù, kí ṣúgà má baà lọ sílẹ̀ jù. Bí ojú bá pọ́n bí ìyeyè, bí ikùn bá ń wú, tàbí bí ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.