Bẹ́ ẹ ṣe lè fi fóònù gbé íntánẹ́ẹ̀tì fún laptop, kí dátà má bàa tán lójijì

Títan hotspot, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí fóònù pín íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fún laptop bíi Wi-Fi, ò le rárá, ọmọdé gan-an lè ṣe é. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé laptop ò mọ̀ pé dátà fóònù lòun ń jẹ, lójú tiẹ̀ Wi-Fi ni gbogbo Wi-Fi, kẹ́ ẹ tó jókòó dáadáa ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa update wálẹ̀, ó tún ń kó fọ́tò lọ sórí cloud, ìyẹn ibi ìpamọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa kàn rí i pé dátà ti lọ.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé dátà fóònù wà ní títàn, ẹ fi ṣí nǹkan kan wò. Tó bá jẹ́ Android, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ "Network & internet", ẹ wá wọ "Hotspot & tethering". Lórí Samsung, "Connections" lẹ máa tẹ̀, ẹ wá wọ "Mobile Hotspot and Tethering". Ẹ má tíì tàn án o. Ẹ wo orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù ná, pásíwọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà 8, ẹ fi nọ́ńbà sí i, àwọn tó máa ń ṣí tiwọn sílẹ̀ gbayawu yẹn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí lè wọlé wá bá wọn jẹ dátà. Tó bá ti dáa, ẹ tàn án.

Ti iPhone yá jù: Settings, "Personal Hotspot", ẹ tan "Allow Others to Join", pásíwọ́ọ̀dù wà lábẹ́ ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí laptop á fi wọlé, torí nígbà míì tẹ́ ẹ bá ti kúrò, laptop ò ní rí i mọ́.

Ó kan laptop. Ẹ tẹ àmì Wi-Fi, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ló wà lórí Windows, òkè ló wà lórí Mac, ẹ mú orúkọ fóònù yín, ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Ibi táwọn èèyàn máa ń fò rèé o. Lórí Windows, ẹ lọ sí Settings, "Network & internet", Wi-Fi, ẹ ṣí properties nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn, kẹ́ ẹ tan "Metered connection". Ìgbà yẹn ni Windows máa tó mọ̀ pé dátà olówó ni, ọ̀pọ̀ update ló máa dá dúró. Tiẹ̀ lórí Mac ni "Low Data Mode", ẹ máa rí i nínú Details Wi-Fi yẹn. Ẹ tún fọwọ́ ara yín dá OneDrive tàbí Google Drive tó ń kó fáìlì lọ sórí cloud dúró, kẹ́ ẹ sì dín bí fídíò tẹ́ ẹ̀ ń wò ṣe mọ́ tó kù sí 480p, ojú ò ní fọ́.

Tí hotspot bá kọ̀ tí kò tàn lórí Android, ẹ wò ó bóyá Data Saver, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ dátà lò, wà ní títàn, ẹ pa á. Tó bá tàn àmọ́ tí laptop ò rí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbì Wi-Fi 5 GHz ni fóònù ń lò tí laptop yín ò sì gbé e, ẹ yí i sí 2.4 GHz níbi tẹ́ ẹ ti tan hotspot, kò yára tó 5 àmọ́ ó máa ń rìn jìnnà jù ú lọ. Láti iPhone 12 lọ sókè, "Maximize Compatibility" lẹ máa tàn kó lè yí i sí 2.4 GHz.

Èmi o, tí iṣẹ́ bá pọ̀, wáyà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ki wáyà USB bọ fóònù àti laptop, lórí Android ẹ tan "USB tethering", ẹ ò ní lè tẹ̀ ẹ́ àfi tí wáyà bá ti wọlé. Kò nílò pásíwọ́ọ̀dù, fóònù á sì máa gba iná lára laptop. Àmọ́ wáyà míì wà tó jẹ́ iná nìkan ló ń gbé, tí kò lè gbé dátà, ìyẹn ò ní ṣiṣẹ́. Ti Bluetooth náà wà, àmọ́ ó ń falẹ̀, ẹ fi ka email nìkan.

Hotspot máa ń mú fóònù gbóná, ẹ má fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ pa á, tàbí kẹ́ ẹ tan "Turn off hotspot automatically" tó bá wà lórí Android yín, á máa pa ara ẹ̀ tí kò bá sẹ́ni tó ń lò ó.