Bí Mo Ṣe Mú Ooru Hítà Dúró Sójú Kan Nínú Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́

Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí mò ń wà jẹ́ ti àtijọ́, irú èyí tí ọwọ́ ìdarí hítà rẹ̀ (ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ gbóná) jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a ń fà láti ibi àmì búlúù lọ sí ibi àmì pupa. Bí mo bá fi sí búlúù, afẹ́fẹ́ tí ń jáde ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ó yẹ kí ó tutù. Bí mo bá sì sún un díẹ̀ péré, inú ọkọ̀ á gbóná débi pé ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ọ̀rọ̀ ìtura nìkan kọ́ ni mo ka èyí sí. Ooru àpọ̀jù máa ń kun awakọ̀ lóorun, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá pa hítà pátápátá nígbà òtútù yóò rí i pé èémí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ti bo gíláàsì iwájú, tí kò sì ní rí ọ̀nà dáadáa mọ́.

Kí ènìyàn tó mú sípánà dání, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ irú ìdarí tí ọkọ̀ rẹ̀ ní. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnì ni ó ń gba họ́ọ̀sì kọjá lára ògiri irin tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti inú ọkọ̀, tí ó sì ń wọ inú rédíétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ara rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan ń darí ooru nípa fífi fáàfù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà omi tí a lè ṣí tàbí kí a tì, dín omi náà kù. Nínú àwọn mìíràn, omi kì í dúró rárá. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni ó ń pín afẹ́fẹ́ sí méjì, tí apá kan ń gba ara rédíétọ̀ kékeré, tí apá kejì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí méjèèjì sì ń pàdé kí wọ́n tó jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́, kí ó tẹ̀lé kébù láti ẹ̀yìn ọwọ́ ìdarí. Tèmi gba inú ihò kan jáde sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì parí sí ara fáàfù kan lórí họ́ọ̀sì, èyí tí ó fi hàn pé omi ni mo ní láti bá wí. Volkswagen Beetle àtijọ́ yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára, ooru páìpù èéfín ni hítà rẹ̀ sì ń lò. Ohun tí mo ń sọ níbí kò kàn án.

Tẹ́mósítáàtì, fáàfù kékeré tí ń ṣàkóso ooru omi ẹ́ńjìnì, ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé bí omi ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ bá ń gbóná, tí ó tún ń tutù bí ó ṣe wù ú, kò sí ọwọ́ ìdarí tí ó lè mú ooru inú ọkọ̀ dúró. Ìda kan wà nínú tẹ́mósítáàtì tí ó máa ń yọ́, tí ó sì máa ń wú bí omi bá ti gbóná tó, wíwú rẹ̀ ni ó sì ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sí rédíétọ̀ ńlá. Mo ti ṣàkíyèsí pé géèjì ooru ẹ́ńjìnì máa ń já wálẹ̀ nígbà tí mo bá ń sáré ní ojú ọ̀nà gbọọrọ nínú òtútù. Nígbà tí mo tú tẹ́mósítáàtì náà jáde, ẹnu rẹ̀ ti là sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì tutù, èyí tí kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Mo ra tuntun tí wọ́n tẹ 82 sí lára, mo fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi pẹ̀lú tẹmómítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, mo sì ń wò ó títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82°C kí n tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnì. Àwọn kan a máa yọ ọ́ dànù pátápátá nítorí ìbẹ̀rù pé ẹ́ńjìnì yóò gbóná jù. N kò fara mọ́ èyí rárá: ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tó ń jẹ epo jù, ara rẹ̀ sì ń tètè jẹ.

Lẹ́yìn èyí, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, mo ṣọ́ra fún fáànù rẹ̀, mo sì fọwọ́ kan họ́ọ̀sì hítà méjèèjì. Bí fáàfù bá ṣí, méjèèjì gbọ́dọ̀ gbóná, kí èyí tí omi ń gbà padà fi díẹ̀ tutù ju èkejì lọ. Bí èyí tí ń lọ bá gbóná, tí èyí tí ń bọ̀ sì tutù, ìdọ̀tí ti dí rédíétọ̀ kékeré nìyẹn, tàbí kí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tèmi, mo ti fáàfù pa, mo sì dúró pẹ́, síbẹ̀ họ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́yìn fáàfù kò tutù. Omi ṣì ń kọjá nínú fáàfù tí ó yẹ kí ó ti pa pátápátá, ìdí sì nìyẹn tí búlúù kò fi lè tutù.

Kébù náà ní àléébù tirẹ̀. Wáyà líle kan ni ó wà nínú ìbòrí, kílíìpù ni ó sì ń di ìbòrí náà mú ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Mo ní kí ẹnì kan máa fa ọwọ́ ìdarí nínú ọkọ̀ nígbà tí mo tẹjú mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i pé kílíìpù ẹ̀gbẹ́ fáàfù ti dẹ̀: ìbòrí náà kọ́kọ́ ń yọ̀ síwájú ní ìwọ̀n ìka kan, apá fáàfù kò mira, lẹ́yìn náà ni ó wá fò lójijì kọjá ibi tí mo fẹ́. Mo yọ kébù náà, mo gbé e kọ́ lóòró, mo sì ń kán òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí òkè rẹ̀ títí ó fi yọ ní ìsàlẹ̀. Mo tún fi sánpépà múlọ́múlọ́ nu ìpata kúrò ní etí wáyà.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì ti tutù délẹ̀, mo fa omi jáde kúrò nínú rédíétọ̀ ńlá, mo sì gbà á sínú ike tí ó ní ìdérí, nítorí pé májèlé ni kúláǹtì, ìyẹn èròjà tí a ń pò mọ́ omi ẹ́ńjìnì, adùn ẹnu rẹ̀ sì lè tan ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn jẹ. Mo fi ọ̀bẹ la họ́ọ̀sì àtijọ́ ní gígùn dípò kí n fà á, torí pé páìpù rédíétọ̀ kékeré tinrin, ó sì rọrùn láti ya. Kí n tó de fáàfù tuntun, mo fi omi tí kò lágbára púpọ̀ ṣan rédíétọ̀ kékeré láti ẹnu ọ̀nà àbájáde rẹ̀. Omi pupa bí ìpata ni ó kọ́kọ́ ń tú jáde, mi ò sì dáwọ́ dúró títí ó fi mọ́. Ọ̀nà tí mo gbà so kébù padà rèé: mo fi ọwọ́ ìdarí sí búlúù, mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ìpẹ̀kun rẹ̀, mo ti apá fáàfù pa pátápátá, mo kọ́ ojú wáyà mọ́ ọn, ìgbà náà ni mo tó fún kílíìpù mọ́ ìbòrí. Àyè díẹ̀ yẹn ni ó ń jẹ́ kí fáàfù pa tán kí ọwọ́ ìdarí tó dé òpin.

Mo po kúláǹtì àti omi mímọ́ ní ìdajì sí ìdajì, èyí tí kì í dì títí di nǹkan bí -37°C, tí ó sì ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìpata. Mo gbé imú ọkọ̀ sókè sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ṣí hítà tán, mo sì dẹ họ́ọ̀sì tí ó ga jù lọ díẹ̀ títí omi fi ń jáde láìsí ìfófòó. Bí ènìyàn bá ń gbọ́ ìró omi lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn èyí, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, ooru náà kò tíì gba ìdarí bí mo ṣe fẹ́. Mo fi tẹmómítà sí ẹnu ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, mo sì ń sún ọwọ́ ìdarí díẹ̀díẹ̀. Láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ooru ti fò sókè. Láti àárín dé pupa, tẹmómítà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sún. Ohun tí ó fà á ni pé omi díẹ̀ tí ń lọ jẹ́jẹ́ máa ń fi ọ̀pọ̀ ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ kí ó tó jáde, nígbà tí omi tí ó pọ̀ máa ń jáde bí ó ṣe gbóná wọlé, tí àfikún rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kún nǹkan kan. Ohun kejì ni pé ẹ́ńjìnì ni ó ń yí pọ́ǹpù omi. Bí mo bá tẹ ná, omi á pọ̀, inú ọkọ̀ á gbóná. Bí mo bá dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, á tutù, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ìdarí kò kúrò lójú kan. Àwọn aṣèmọ́tò ayé ìgbà kan ti rí ìṣòro yìí, wọ́n sì fi páìpù bàbà tín-ín-rín kan sí ara fáàfù àwọn ọkọ̀ kan, tí orí rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná jù, ohun tí ó wà nínú páìpù á fẹ̀, á sì ti fáàfù pa díẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ní irú èyí gbọ́dọ̀ ṣọ́ páìpù náà gidigidi, kò gbọ́dọ̀ ká.

Tèmi kò ní i, nítorí náà mo fi fáàfù kejì, tí a ń fi ọwọ́ yí, tí a sì ṣe fún omi gbígbóná ẹ́ńjìnì, sórí họ́ọ̀sì kan náà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi ọwọ́ ìdarí sí pupa tán, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa yára bí ìgbà tí ọkọ̀ wà lórí ìrìn, mo sì ń yí fáàfù kejì pa jẹ́jẹ́ títí tẹmómítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mo tún yí i pa díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n mo rí i dájú pé ooru tí ó kù ṣì ń nu gíláàsì iwájú mọ́. Pupa wá di ooru tí mo nílò nínú òtútù líle, gbogbo ibi tí ọwọ́ ìdarí ń gbà láàárín sì wá wúlò. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó wádìí bóyá ọ̀nà hítà ni omi ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń gbà yípo nígbà tí tẹ́mósítáàtì bá pa, torí pé ẹ́ńjìnì mìíràn wà tí a kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà yẹn.

Fún ọkọ̀ tí ó ń lo pátákó afẹ́fẹ́, fóòmù etí pátákó náà ni ó sábà máa ń jẹrà; bí eérún rẹ̀ bá ń fẹ́ jáde lẹ́nu ihò, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Fáànù pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀: bí ó bá ń fẹ́ jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ á gbóná sí i ṣùgbọ́n kò ní pọ̀.

Rọ́bà tuntun máa ń rọ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti gbóná, tí ó sì ti tutù, nítorí náà mo tún fún gbogbo kílíìpù họ́ọ̀sì lẹ́yìn ìrìn mélòó kan, mo sì bu omi kún rédíétọ̀ nígbà tí ó tutù. Mo tún fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó gbẹ. Bí ó bá tutù rinrin ni, tí òórùn dídùn kan sì ń jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́, rédíétọ̀ kékeré ti lu nìyẹn, pípààrọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kù.