Bí mo ṣe rí ààrò ìyan-ẹran tó bá ọkọ̀ ojú omi wa mu, àti bí mo ṣe ń lò ó

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ọkọ̀, èmi ni mo máa ń dáná nínú rẹ̀. Gígùn ọkọ̀ náà kò ju mítà 9 lọ, yàrá kan ṣoṣo ló ní, sítóòfù kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn tí a ń gbà wọlé. Bí mo bá ti tan sítóòfù yẹn lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó lè jókòó sí yàrá mọ́. Ooru á gbà á, òórùn ẹja á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ ìbùsùn títí di ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀gbọ́n fi sọ fún mi pé, “Lọ wá nǹkan tí a ó fi máa yan ẹran níta.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, ẹ ṣáà fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.” Oṣù kan àbọ̀ ló gbà mí. Mi ò kábàámọ̀ ọjọ́ kankan nínú rẹ̀, torí ohun tí mo pè ní ọ̀rọ̀ ààrò, ọ̀rọ̀ gáàsì àti atẹ́gùn ló padà jẹ́.

Èédú ni ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí. Mo fẹ́ràn adùn tó ń fún ẹran, mo sì mọ bí a ṣe ń kó o jọ tí yóò fi ràn dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sí ìdí ọkọ̀, mo ń wo omi, mo wá bi ara mi pé: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ báyìí, báwo ni mo ṣe máa pa iná yìí? Èédú kò ní ibi tí a ń yí kó kú. Bí atẹ́gùn bá yí padà, bí ọkọ̀ ńlá kan bá kọjá tí ìgbì rẹ̀ sì ń jù wá síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹyin iná á ṣì máa pọ́n fún wákàtí mélòó kan. Ó tún máa ń ta pàrà. Tí èérún iná bá bọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀, á kú. Lórí ọkọ̀, orí okùn ọ̀rá, orí aṣọ ìbòrí, orí fáíbà tí wọ́n fi mọ ara ọkọ̀ ló máa bọ́ sí, gbogbo wọn ló sì lè jó. Mo fi èédú sílẹ̀, ó dùn mí díẹ̀.

Ti iná mànàmáná kò gbà mí lákòókò rárá. Ààrò tó ń jẹ wáàtì 1,500, bí a bá fẹ́ fi bátìrì 12V gbé e, ámúpíà 125 ló máa fà, ká má tíì ṣírò èyí tí ínfátà yóò fi ṣòfò. Ẹni tó máa ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté tó ní iná lè lò ó, ó sì dáa fún un. Àwa kì í sábà sùn ní èbúté. Ó wá ku gáàsì.

Gáàsì ni mo lo ọjọ́ lé lórí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Gáàsì propane, tó wà nínú ọ̀pọ̀ sílíńdà, fi nǹkan bí ìdajì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, kì í lọ sókè, ńṣe ló ń ṣàn wálẹ̀ bí omi tí ojú kò rí. Nínú ilé, ó lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ọkọ̀ ojú omi, igbá ni. Wọ́n ṣe é kí omi má lè wọ inú rẹ̀, nítorí náà ohun tó bá ti ṣàn síbẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀, lábẹ́ pákó tí a ń tẹ̀, níbi tí bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi síta wà, ibẹ̀ ni gáàsì máa lọ kó jọ sí. Kò sì dìgbà tó bá pọ̀. Bó bá ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, ìtapàrà kékeré kan láti ara ẹ̀rọ ti tó láti fọ́ ọkọ̀ yángá. Òórùn tí wọ́n ń fi sínú gáàsì ń ranni lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó jókòó lókè tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lè má gbọ́ òórùn ohun tó wà lábẹ́ pákó.

Láti ìgbà náà ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n ti fẹnu kò pé sílíńdà kankan kò ní sun inú yàrá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo sílíńdà kékeré tó ń gba gáàsì bí 450 gíráàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó. Tí a bá ti tú u kúrò lára ààrò, ẹnu rẹ̀ lè má pa dé dáadáa mọ́, yóò sì máa jò díẹ̀díẹ̀ láìpariwo. A kan àpótí kan síta, ìdérí rẹ̀ ń ṣí sókè, ihò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó já síta ọkọ̀, lókè ojú omi. Bí gáàsì bá jò nínú àpótí yẹn, ìta ló máa ṣàn sí, kò ní wọ ikùn ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ni wọ́n lu ihò náà.

Ẹ̀yìn èyí ni mo tó lọ wo ààrò. Kì í ṣe gbogbo irin tó ń dán ló lè bá iyọ̀ gbé. Irin stainless tí wọ́n ń pè ní 304 dára púpọ̀ nínú ilé ìdáná, àmọ́ iyọ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ òkun máa ń dá ihò wínníwínní sí i lára. Èyí tí wọ́n ń pè ní 316 ní èròjà molybdenum nínú, nǹkan bí ìdá 2 sí 3 nínú 100, òun ló ń jẹ́ kó lè dúró pẹ́ lójú iyọ̀. Mo mú òòfà dání lọ. Òòfà kò lè sọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, torí kì í sábà lẹ̀ mọ́ èyíkéyìí nínú wọn, àmọ́ ó ń tú àṣírí irin lásán tó kàn ń dán. Ààrò kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, ara rẹ̀ dára látòkè délẹ̀. Mo wá fi òòfà kan àwọn bóòtù tó di ọwọ́ ìdérí rẹ̀ mú, ó lẹ̀ mọ́ wọn gbàgì. Mo gbé e kalẹ̀. Bóòtù ló sábà máa ń kọ́kọ́ dípẹtà, bó bá sì já nígbà tí iná ń jó lọ́wọ́, orí ẹsẹ̀ ẹni ni ìdérí gbígbóná máa bọ́ sí.

Ìdérí gan-an, mo fẹ́ èyí tó jìn, tó sì ní ìkọ́ tí a fi ń há a pa, nítorí pé ìdérí ni ògiri ilé ìdáná tó wà níta. Mo fẹ́ àwo ìsàlẹ̀ tó ń gba ọ̀rá, kó ṣeé fà yọ láìtú nǹkan mìíràn. Mo fẹ́ kí ó kéré. Ẹni mẹ́rin ni a máa ń pọ̀ mọ, ààrò tó gba oúnjẹ ẹni mẹ́wàá á kàn máa jẹ gáàsì ni, á sì wúwo mọ́ irin tí a gbé e kọ́.

Irin etí ọkọ̀ yìí ni mo ti ṣàṣìṣe. Àwọn ìdè tí wọ́n fi ń gbé ààrò kọ́ máa ń wá ní ìwọ̀n irin mìlímítà 22 tàbí 25. Mo wọn irin tó dùbúlẹ̀ lókè, ó jẹ́ 25, mo ra ti 25. Nígbà tí mo délé ọkọ̀ ni mo rí i pé igun tí mo fẹ́ gbé e sí, irin tó nàró nibẹ̀ ni ìdè náà máa dì mú, 22 sì ni. Ó ń mì. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n wé rọ́bà mọ́ irin kó lè fún. Mi ò gbà. Rọ́bà máa ń rọ̀ nínú ooru, ó sì máa ń yọ̀ bí ọ̀rá bá kán sí i. Mo dá a padà, mo gba ti 22. Ẹ wọn irin ibi tẹ́ ẹ máa lò gan-an, kì í ṣe ibi tí ọwọ́ yín kọ́kọ́ dé.

Ìdí ọkọ̀ ni a gbé e sí, ìta gbangba, kó yọ sórí omi. Ìdákọ̀ró wa máa ń wà níwájú, nítorí náà tí ọkọ̀ bá dúró, iwájú rẹ̀ ló máa ń kọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, èéfín á gba ẹ̀yìn lọ. Àmọ́ mo kọ́ pé kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ń ṣàn gidi, agbára rẹ̀ lè ju ti atẹ́gùn lọ, á yí ọkọ̀ padà, èéfín á wá máa wọ yàrá. Nígbà kejì tí a lo ààrò yìí, atẹ́gùn kàn dákẹ́ lójijì. Aago ìkìlọ̀ carbon monoxide, gáàsì olóró tó máa ń wà nínú èéfín, èyí tó wà nínú yàrá, bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Gáàsì olóró yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ká ní kò sí aago, a ò bá má mọ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n kígbe pé, “Pa á! Pa á ná!” Mo yí i, ó kú lójú ẹsẹ̀. Mo rántí èédú lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, ilẹ̀kùn tó sún mọ́ ààrò máa ń wà ní títì tí mo bá ń yan ẹran, aago náà kò sì gbọdọ̀ ṣàìní bátìrì.

Mo wá dúró níwájú ààrò tí kò tíì ní iná, mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀, mo wo ọ̀tún àti òsì. Lókè, etí aṣọ ìbòrí wà níbẹ̀. A ká a kúrò. Lápá òsì, táyà tí a fi ń dóòlà ẹni tó bá bọ́ sómi wà, fóòmù ni inú rẹ̀. A gbé e síwájú. Nísàlẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tí a ń lò fún ẹ̀rọ ọkọ̀ kékeré ló jókòó síbẹ̀! Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a ò rí i mọ́. Ọkọ̀ kékeré náà, tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ẹ̀yìn la máa ń so ó mọ́, abẹ́ ààrò gan-an. Ọ̀rá gbígbóná kan ṣoṣo lè lu ú. Ẹ̀gbẹ́ la ń so ó mọ́ báyìí.

Kí n tó tan iná àkọ́kọ́, mo po ọṣẹ mọ́ omi títí ó fi hó, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo oríkèé, láti ẹnu sílíńdà dé régúlétọ̀, dé ibi tí rọ́bà ti wọ ààrò. Mo ṣí sílíńdà, mo fi ààrò sílẹ̀ ní pípa, mo ń wò. Níbi régúlétọ̀, ìfófòó kékeré kan ń wú, ó ń bẹ́, òmíràn ń wú. Mo pa á, mo tú u, mo rí i pé rọ́bà róbótó inú rẹ̀ ti lọ́ po. Mo fi tuntun sí i, mo tún ọṣẹ kùn, kò wú mọ́. Gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ sílíńdà ni mo ń ṣe èyí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìṣáná wá ibi tí gáàsì ti ń jò.

Ìdérí gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí kí a tó tan ààrò, torí gáàsì tó bá kó jọ sábẹ́ ìdérí lè bú gbàmù sójú ẹni. Tí kò bá ràn, mo máa ń pa á, mo máa ń dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí n tó tún gbìyànjú. Nígbà àkọ́kọ́, mo jẹ́ kó jó lófìfo fún ìṣẹ́jú 20 kí epo tí wọ́n fi pa á lára níbi tí wọ́n ti ṣe é lè jó tán. Ohun tí mo máa ń ṣọ́ jù ni iná tó rẹlẹ̀. Atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ pa kí gáàsì sì máa tú jáde, nítorí náà ẹ̀yìn ààrò ni mo máa ń kọ sí atẹ́gùn, mi ò sì í kúrò nídìí rẹ̀. Mi ò tan án rí nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn.

Inú yàrá ni mo ti máa ń gé ẹran, tí mo ti ń gé ọ̀rá rẹ̀ kúrò, tí mo ti ń nu omi ara rẹ̀ gbẹ. Ọ̀rá ló ń mú kí iná ru sókè. Ẹran adìyẹ, mo máa ń gún un ní ohun ìwọn-ooru títí á fi dé ìwọ̀n 74°C nínú, ẹja, 63°C. Ẹ̀mú gígùn ni mo fi ń yí wọn padà. Sílíńdà ìpaná wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sí lẹ́yìn ààrò, kí n má bàa ní láti na ọwọ́ kọjá iná kí n tó mú un. Bí ọ̀rá bá gbiná, mi ò ní da omi sí i: màá pa gáàsì, màá dé ìdérí.

Tí oúnjẹ bá jinná, ẹnu sílíńdà ni mo máa ń kọ́kọ́ tì, màá jẹ́ kí iná jẹ gáàsì tó kù nínú rọ́bà tán kó sì kú fúnra rẹ̀, kí n tó yí ti ààrò. Bó bá tutù pátápátá, pákó pẹlẹbẹ ni mo fi ń ha irin rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì onírin kò wọ ọkọ̀ wa, torí okùn irin rẹ̀ lè já, kó lẹ̀ mọ́ ẹran, kó sì wọ ọ̀fun ẹni. Ọ̀rá inú àwo, inú agolo tó ní ìdérí ni mo ń dà á sí, kì í ṣe inú omi. Mo máa ń fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ara ààrò, mo ń nù ún gbẹ, mo sì ń fi aṣọ rẹ̀ bò ó.

Sílíńdà ni mo ń gbé kẹ́yìn. Màá dá a padà sínú àpótí rẹ̀, màá sì ki ìka bọ ihò ìsàlẹ̀ láti rí i pé ìdọ̀tí kankan kò dí i. Ẹ̀gbọ́n á ti bu oúnjẹ tèmi sílẹ̀ dè mí.