Bí mo ṣe ń tọpa àwòrán títí dé ilé rẹ̀

Alàgbà kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbí, ló fi àwòrán ilẹ̀kùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò pẹ́ tó fi pè mí: "Kápẹ́ńtà, ṣé o ti rí i? Irú rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ mi. Wọ́n ní ti àwọn ará Benin ni." Mo ní, "Mo ti rí i, sà. Ẹ fún mi láyè kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa." Àwòrán náà ti gba orí fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá títí ó fi ṣá. Bí mo bá fi ìka fẹ̀ ẹ́, ojú àwọn ère inú rẹ̀ a di kúrúkúrú. Síbẹ̀ mo rí i pé wọ́n yọ jáde lára pákó bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo rí ọba lórí àga, mo rí òyìnbó kan tí àwọn aláàárù rù. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbẹ́gi, ojú mi sì sọ fún mi pé ọwọ́ yìí kì í ṣe ọwọ́ Benin.

Kò tó wákàtí kan tí mo fi jókòó ti fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àró tí mo fi mọ̀ pé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ni. Ìkẹ́rẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Adó-Èkìtì níbí, tí mo lè lọ láàárọ̀ kí n sì padà dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀! Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi àti àwọn télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ń ní kí n kọ́ àwọn. Ọ̀nà tí mo ń gbà rèé. Ẹni tó bá ń gbẹ́gi lè lò ó, ẹni tó ń pa àdìrẹ lè lò ó, ẹni tí ohun àrà kàn ń wù ú rí náà lè lò ó.

Àwòrán tí a kò mọ ilé rẹ̀ dà bí ọmọ tó sọnù lọ́jà Erékẹ̀sán. Ohun tí a ó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ọmọ ilé ta ni ẹ́?"

Àwòrán fúnra rẹ̀ sì ni kí ẹ bi. Ẹ má tíì tẹ ọ̀rọ̀ kankan. Tó bá wà nínú Chrome, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó pẹ́ díẹ̀, Google Lens, irinṣẹ́ Google tó ń fi àwòrán wá nǹkan, yóò jáde. Tó bá jẹ́ ti WhatsApp, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù, kí ẹ wá ṣí i látinú Google. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe ni pé wọn kì í gé àwòrán kù. Nígbà tí mo fi odindi ilẹ̀kùn yẹn wá a, ilẹ̀kùn títà lásán ni wọ́n kó dà sí mi níwájú. Mo wá fa igun àpótí ìwákiri náà wọlé títí ó fi ku òyìnbó tí wọ́n rù yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ojúlówó yọ. Ilẹ̀kùn pọ̀ láyé, àmọ́ ilẹ̀kùn mélòó ni wọ́n ru òyìnbó sí lára? Apá tí kò ní irú níbòmíì ni kí ẹ máa fi wá nǹkan.

Bí Lens bá kùnà, TinEye ń bẹ, ìkànnì míì tí a fi ń wá àwòrán. Ti TinEye yàtọ̀: kì í wá ohun tó jọra, àwòrán kan náà gan-an ló ń wá. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ó lè to àbájáde láti orí èyí tó ti pẹ́ jù tó rí. Ẹ mú "Oldest" níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé àwòrán síta ló sábà máa ń mọ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ títẹ̀ kàn. Pinterest, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ń kó àwòrán jọ sí, yóò kún ojú yín. Èmi náà ń wo Pinterest, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọjà ni, kì í ṣe ilé. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ fi àmì àyọkúrò ṣíwájú orúkọ rẹ̀, báyìí: carved door Yoruba -pinterest. Tí ẹ bá ti fura sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan, ẹ fi site: ṣíwájú àdírẹ́sì wọn, bíi site:britishmuseum.org Ikere door, kò sì ní jáde kúrò nínú ilé náà. Ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n ya ara wọn, ẹ fi àmì ọ̀rọ̀ ẹnu ká wọn mọ́, "veranda post". Àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù ní ọ̀rọ̀ tiwọn: òpó ààfin, wọ́n á pè é ní veranda post tàbí house post. Igi orí ilẹ̀kùn, lintel. Ẹ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Ohun tí mo bá ní British Museum nìyí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, láàárín 1910 sí 1914. Wọ́n bí i ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ̀, ó kú ní 1938. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba òyìnbó ṣe ní Wembley. Ibẹ̀ ni mùsíọ́mù ti rí i tí wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ fún òun ní ìlú òyìnbó fi dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí nọ́ńbà tí wọ́n fún ilẹ̀kùn náà lọ́dọ̀ wọn, Af1924 ló fi bẹ̀rẹ̀. Af ni Áfíríkà, 1924 ni ọdún tó wọlé sí wọn lọ́wọ́. Ẹ máa ka nọ́ńbà yẹn kí ẹ tó ka ohunkóhun míì.

Ibi tó ń da ènìyàn láàmú jù ni àkọtọ́. Àwọn tó kọ orúkọ nǹkan wa sílẹ̀ láyé ọjọ́un, bó ṣe dún létí wọn ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìkẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ bí Ikere, ó tún wà bí Ikerre. Ṣàngó wà bí Shango. Nítorí náà ẹ wá nǹkan láìsí àmì ohùn lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tún fi oríṣi àkọtọ́ méjì mẹ́ta wá a. Bí ẹ bá ń wá nǹkan ìlú Ọ̀wọ̀, Owo nìkan kò tó. Ẹ fi ivory tàbí terracotta tì í. Ìgbà yẹn ni ẹ ó rí iṣẹ́ eyín erin Ọ̀wọ̀, àti àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo hú jáde ní Igbó Ọlájà ní 1971, tí ọjọ́ orí wọn ti ń lọ sí ẹgbẹ̀ta ọdún.

Èyí tó kàn mí lọ́kàn jù ni ihò àpáta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ hú egungun ènìyàn níbẹ̀, ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ọdún. Iwo Eleru ni wọ́n kọ sínú ìwé, gbogbo ayé sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ihò Eléérú ni, ihò tí eérú wà nínú rẹ̀! Bí ẹ bá kọ ọ́ bó ṣe tọ́, díẹ̀ ni ẹ ó rí. Ẹ kọ Iwo Eleru, kí gbogbo rẹ̀ tú jáde, títí kan ìwádìí 2011 lórí agbárí náà nínú ìwé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ PLoS ONE, tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dùn mí pé àṣìkọ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lò ó.

Ẹ ṣọ́ra fún "Ondo" náà. Láyé ìjọba òyìnbó, Èkìtì wà lábẹ́ Ondo Province. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀, 1996 ni wọ́n tó yà á sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n kọ Ondo sí lára lè jẹ́ ti Oǹdó Ẹkímọ̀gún, ó lè jẹ́ ti Adó. Mo ti rí ẹni tó fi irú rẹ̀ jà nínú mọ́tò.

Nígbà tí ẹ bá ti dé ilé, ẹ má sáré jáde. Àwọn mùsíọ́mù ńlá máa ń jẹ́ kí ènìyàn fẹ àwòrán títí dé ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Òpó Ọlọ́wẹ̀ kan láti ààfin Ìkẹ́rẹ́ kan náà wà ní Art Institute of Chicago. Ọba jókòó síwájú pẹ̀lú adé, ẹyẹ wà lórí adé náà, ìyàwó àgbà dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ fíìfíì. Ọjọ́ kẹta tí mo ti ń wò ó ni mo tó rí i bí gbẹ́nàgbẹ́nà: ìyàwó yẹn ni òpó. Ara rẹ̀ ni ẹrù òrùlé gbà kọjá lọ sílẹ̀. Ọba tó jókòó níwájú kò ru nǹkan kan. Mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wá wò ó, ọ̀kan ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé irú ẹ̀ sí òpó ilé ìyá mi." Ó ti ń gbẹ́ ẹ báyìí.

Mo ní láti sọ ti ọdún kan tí mo ṣìṣe, torí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ lásìkò yìí. Mo rí àwòrán onílù kan lórí Facebook, ó rẹwà débi pé n kò bi í léèrè ilé. Mo fi ìrókò gbẹ́ ẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Bàbá àyàn kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìlù wo rèé? Ọṣán rẹ̀ kò dé ojú kejì. Kọ̀ǹgọ́ ọwọ́ rẹ̀ sì tọ́ gbọnrangandan bí igi ìfọyín." Ẹ̀rọ AI ló hùmọ̀ àwòrán náà, kò sí onílù kankan níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Lens àti TinEye kò bá rí ilé kankan fún àwòrán, mo máa ń ka ìka ọwọ́, mo máa ń tọpa okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì máa ń wo ọnà ara aṣọ bóyá ó ń yípadà lójijì. Tó bá jẹ́ nǹkan iṣẹ́ ẹlòmíì, mo máa ń fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀tọ́ lílò: mùsíọ́mù Met ní New York tú àwòrán àwọn ohun tí kò sí lábẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ sílẹ̀ ní 2017, àwọn mùsíọ́mù Smithsonian ní Amẹ́ríkà ṣe tiwọn ní 2020, wọ́n fi àmì CC0 sí wọn. Èyí tó bá ní CC0, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ kí ẹ tà á. Ti British Museum gbà yín láyè láti lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún títà. Òfin Nàìjíríà ti 2022 fún oníṣẹ́ ọnà ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ti Ọlọ́wẹ̀ sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń kọ́, n kì í tẹ fọ́tò mùsíọ́mù tà.

Ẹ tọ́jú ohun tí ẹ rí. Ẹ má fi sìkirinṣọ́ọ̀tì ṣe é, ẹ gba àwòrán gangan sílẹ̀, lóru tí dátà ò wọ́n. Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà kíákíá: Ilekun_Ikere_Olowe_BritishMuseum. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi "Document", bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fún un kù, ẹni tó gbà á á sì tún di ẹni tí kò rí ojú ère. Ojú ìwé tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ da àdírẹ́sì rẹ̀ sí web.archive.org kí wọ́n bá yín pa á mọ́. Mo ti pàdánù ojú ìwé kan rí lórí àdìrẹ Ọlọ́ba, èyí tí wọ́n ya ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìyàwó rẹ̀ sí nítorí àjọyọ̀ 1935. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo rí i ni wọ́n pa á rẹ́. Inú web.archive.org ni mo ti tún un rí.

Mo padà lọ bá alàgbà wa ní Alágbàká pẹ̀lú àwòrán tó mọ́lẹ̀ kedere. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ìkẹ́rẹ́? Ìyá tó bí ìyá mi, ará Ìkẹ́rẹ́ ni." A jọ fẹnu kò pé n kò ní ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí àwọn ère Ọlọ́wẹ̀ ṣe ń yọ jáde lára pákó ni mo mú, mo sì fi ìyá ìyá wọn sí ibi tí òyìnbó yẹn wà. Kí a tó gbé ilẹ̀kùn náà sínú mọ́tò, mo dojú rẹ̀ dé, mo fi ọ̀bẹ fín orúkọ Ọlọ́wẹ̀, Ìkẹ́rẹ́ àti ọdún rẹ̀ sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tèmi.