Iná ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa

Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, kí ìgbìmọ̀ ilé tó ra iná tí wọ́n fẹ́ tàn sára ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wa: funfun báláú ti ilé epo yẹn kò yẹ ẹ́ rárá. Èyí tó pọ́n díẹ̀ bí iná àtùpà ni kẹ́ ẹ rà, 2700K sí 3000K (nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọ̀ iná ṣe rí). Ẹ wo ara páálí rẹ̀. Ìdí ògiri gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó kọjú sókè, kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bíríkìlà ìgbà yẹn lè yọ. Tó bá jìnnà, ògiri á kàn rí pẹrẹsẹ ni.

Ẹ má jẹ́ kí ríwáyà lu ihò sára bíríkì o! Ojú ìsopọ̀ àárín bíríkì ni kó lù, ìyẹn ṣeé dí padà. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun sì ń jẹ irin: síkúrù stainless 316 (irú irin tí iyọ̀ kì í tètè jẹ) àti iná IP65 (tí eruku àti omi òjò kì í wọ̀) ni kẹ́ ẹ lò.