Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Bọ́ṣì Tuntun Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Tó Kúrò Lórí Jáàkì

Ọkọ̀ tó bá ń ná Kàbà sí Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ jẹ bọ́ṣì, ìyẹn rọ́bà onírin tó wà níbi tí apá táyà ti so mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Kòtò ń gba táyà, tírélà símẹ́ńtì tó ń ti Ọbajáná bọ̀ ń lé èèyàn sí etí títì, awakọ̀ ń tẹ bírékì lójijì. Nígbà tó bá yá, sìtíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré lọ́wọ́, abẹ́ ọkọ̀ á máa dún "gbò, gbò" bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ra bọ́ṣì tuntun. Nígbà mìíràn, á tiẹ̀ ra èyí tó le ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, kí ọkọ̀ lè máa di ọ̀nà mú dáadáa. Kò ní pẹ́ tí ariwo á tún fi padà dé, wọn á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Òótọ́ ni pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ojúlówó náà ń kú lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i, ibi tí táyà ti ṣì ń fì lókè ni ikú náà sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú bọ́ṣì kan lọ́wọ́ kí ẹ wò ó. Òrùka irin kan wà lóde. Òun ni wọ́n ń tẹ̀ wọ ihò ámù, ìyẹn apá irin tó so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Irin roboto oníhò kan wà láàárín. Inú rẹ̀ ni bóòtù ń gbà kọjá. Rọ́bà ló wà láàárín irin méjèèjì, wọ́n sì ti fi ooru àti àlẹ̀mọ́ lẹ̀ ẹ́ pinpin mọ́ wọn láti ilé-iṣẹ́. Tí ẹ bá ti di bóòtù, irin àárín kò gbọ́dọ̀ yí mọ́. Òrùka ìta ló ń bá ámù lọ sókè sódò. Kò sí irin tó ń yọ̀ lórí irin níbẹ̀: rọ́bà fúnra rẹ̀ ló ń lọ́ bí aṣọ tí à ń fún, tó sì ń tú padà. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn ti mọ ìdí tí púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe ìsàlẹ̀ yìí fi ń náni lówó.

Ríra bọ́ṣì láìyẹ ọkọ̀ wò

Kì í ṣe gbogbo "gbò" ni bọ́ṣì. Línkéèjì (irin kékeré etí ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́) tó ti gbó máa ń dún lórí kòtò kéékèèké, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó so ámù mọ́ ìdí táyà náà máa ń dún, ṣọ́ọ̀kì tó ti kú á sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa jó. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sídìí sìtíárìn, kó tan ẹ́ńjìnnì, kó tẹ bírékì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kó máa mú jíà láti rìfáásì sí iwájú, kó tún dá a padà. Kí ẹ̀yin dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má dúró síwájú ọkọ̀, kí ẹ máa wo táyà iwájú. Bí táyà náà bá ń sún síwájú sẹ́yìn nínú agbada rẹ̀ (ibi roboto lára ọkọ̀ tó bò ó lórí), bọ́ṣì ẹ̀yìn ámù ti lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ki irin gbọọrọ bọ ẹ̀gbẹ́ ámù, kí ẹ rọra fi mì ín. Ìlà tín-ín-rín tó sán sójú rọ́bà nìkan kò tíì tó ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà bá ti ṣí kúrò lára irin, tàbí tí irin àárín ti rọ̀ sí apá kan, kò sí àtúnṣe mọ́.

Èyí tó le jù kọ́ ló dára jù

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn máa gba kọ́nà dáadáa. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Shore A ni wọ́n fi ń wọn líle rọ́bà. Bọ́ṣì tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 50 sí 70. Bọ́ṣì polyurethane, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní pólì, sábà máa ń wà láàárín 70 sí 95. Ẹ má ṣe fi àwọ̀ ra pólì o. Pupa ilé-iṣẹ́ kan lè rọ̀ ju pupa ilé-iṣẹ́ kejì lọ. Nọ́ńbà ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á.

Iṣẹ́ bọ́ṣì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Bọ́ṣì tó gbá ọ̀pá sítábíláísà mú mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pólì sí tí owó kò bá tó nǹkan. Ọ̀pá yẹn kàn ń yí lójú kan ni, nítorí náà líle kò dí i lọ́wọ́, ọkọ̀ kò sì ní fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ní kọ́nà. Ẹ fi kálípà wọn ọ̀pá náà kí ẹ tó rà á. Bọ́ṣì mìlímítà 24 lórí ọ̀pá mìlímítà 22 yóò máa kanlẹ̀ "kọ́, kọ́", bẹ́ẹ̀ ni ti 22 lórí 24 kò ní jẹ́ kí irin tó dè é bò dé ilẹ̀. Bọ́ṣì iwájú ámù náà lè gba pólì tí kò le jù. Òun ló ń gba ìtì láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí, sìtíárìn á sì dáhùn kíá.

Àmọ́ bọ́ṣì ẹ̀yìn ámù, èyí tó tóbi, tó sì sábà máa ń ní àlàfo nínú rọ́bà rẹ̀, ti ẹ̀ ni láti gba ìkọlù nígbà tí táyà bá ṣubú sí kòtò. Ẹ fi pólì líle dí i pa, ìkọlù yẹn kò ní parẹ́. Á gba inú bóòtù lọ sí férémù, ibi tí wọ́n wẹ́ẹ̀dì ni á sì kọ́kọ́ sán. Ní ọ̀nà tiwa yìí, níbi tí títì ti lè já sí kòtò lójijì, rọ́bà tuntun tó jẹ́ ojúlówó ló dára níbẹ̀. Bákan náà ni bọ́ṣì ẹ̀yìn ọkọ̀ Golf 3. Wọ́n dìídì gbé rọ́bà yẹn dagun ni, kó lè máa dá ẹnu táyà ẹ̀yìn padà sọ́nà bí ọkọ̀ bá ń gba kọ́nà. Líle tí kò tẹ̀ rárá níbẹ̀ lè gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí ọkọ̀ á sì máa ṣe ohun tí awakọ̀ kò retí, pàápàá bí títì bá tutù. Awakọ̀ tó ń kó èrò kò yẹ kó fi ìyẹn dánra wò.

Ní ti bọ́ṣì onírin látòkè délẹ̀ tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ eré ìje, ẹ jẹ́ kí ó dúró sí pápá ìje. Eruku pupa wa á lọ̀ ọ́ kúnná.

Iná sísun àti hámà

Àwọn kan máa ń ti iná bọ rọ́bà àtijọ́ kó lè jó kúrò nínú ihò. Èéfín rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára, bó bá sì jẹ́ ámù alumíníọ̀mù ni, ooru yẹn ń gba agbára irin náà lọ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ̀mí èèyàn ló wà lórí ámù yẹn. Ẹ fi dírílì lu rọ́bà yíká títí irin àárín á fi jábọ́. Ẹ wá fi ayùn irin gé òrùka ìta ní ojú kan ṣoṣo, kí ẹ dúró kí ayùn tó kan ara ámù, kí ẹ fi ṣísẹ́lì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ayùn bá gé ara ihò, ibẹ̀ ni ámù yóò ti ya. Ẹ fi sáńdípépà kíkúnná nu ìpẹtà kúrò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí bọ́ṣì àtijọ́ tó jáde, ẹ ti fi ṣísẹ́lì tàbí ọ̀dà sàmì sí ibi tí àlàfo rẹ̀ kọjú sí. Bọ́ṣì tó ní àlàfo rọ̀ ní ìhà kan, ó le ní ìhà kejì. Bí ẹ bá yí i sódì, ọkọ̀ á máa rìn bí ẹni pé bọ́ṣì rẹ̀ ti gbó, bẹ́ẹ̀ tuntun ni.

Títẹ̀ ẹ́ wọlé, préèsì ni, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ irin wọ inú ihò. Bí ẹ kò bá ní, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní, tàbí kí ẹ fi bóòtù gígùn, wọ́ṣà nípọn àti ife irin fà á wọlé díẹ̀díẹ̀. Ife náà gbọ́dọ̀ bá etí òrùka ìta mu, òun nìkan ni kí ó tẹ̀. Tó bá tẹ rọ́bà tàbí irin àárín, ó ti ń fa ibi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ya nìyẹn. Hámà a máa tẹ etí òrùka, bọ́ṣì á wọlé ní wíwọ́. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi pa á lójú kó lè yọ̀. Ẹ má ṣe fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, gírísì lásán tàbí kẹrosíìnì kàn án, nítorí wọ́n ń mú rọ́bà wú, wọ́n sì ń sọ ọ́ di jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́.

Bí bọ́ṣì bá sì fi ọwọ́ lásán wọlé, ihò ti fẹ̀ tàbí kí bọ́ṣì má jẹ́ ti ọkọ̀ náà. Fífi páànù agolo yí i, tàbí fífi wẹ́ẹ̀dì kán an ní ojú mẹ́ta, kì í ṣe àtúnṣe: iná wẹ́ẹ̀dì á jó rọ́bà, páànù á sì já. Ẹ wá ámù mìíràn.

Dídi bóòtù nígbà tí táyà ń fì lókè

Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà nínú iṣẹ́ yìí, èyí ló burú jù. Òun náà ló sì rọrùn jù láti yẹra fún.

Ọkọ̀ wà lórí jáàkì, ámù rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, mẹ́káníìkì wọlé sábẹ́, ó fi páìpù sí sípánà, ó di gbogbo bóòtù pa. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n irin àárín ti di mọ́ férémù ní ipò tí táyà ti ń fì. Bí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, ámù á gbéra sókè, rọ́bà á sì lọ́, yóò wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, kódà bí ẹ bá gbé ọkọ̀ síbi tó wà láti àárọ̀ Mọ́ńdè. Tí táyà bá wá já sí kòtò, ó tún ní láti lọ́ sí i lórí èyí tó ti lọ́ tẹ́lẹ̀. Ibi tí rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ irin ló ń kọ́kọ́ ya. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé rọ́bà tó lọ́ yẹn ń ti ọkọ̀ sókè díẹ̀, ọkọ̀ á dà bí èyí tó ga, tó sì le, ẹni tó ni ín á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o, ó ti yàtọ̀!" Ó yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ bọ́ṣì ti ń pé.

Bó ṣe yẹ kí ó rí nìyí. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láìsí ẹrù nínú rẹ̀, ẹ fi téépù wọn ìwọ̀n láti àárín wíìlì dé etí agbada lókè rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 37. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín, ẹ fi ọwọ́ di nọ́ọ̀tì dé ibi tí ó kàn kò ní jábọ́. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lórí táyà rẹ̀, ẹ tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, ẹ tì í síwájú sẹ́yìn díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè jókòó, kí ẹ tó wá di bóòtù pa. Bí ọwọ́ kò bá tó o nílẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sórí kòtò mẹ́káníìkì. Bí kòtò kò bá sí, ẹ fi sítáǹdì tó dúró dáadáa gbé ara ọkọ̀, ẹ ki jáàkì mìíràn sábẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ẹ máa gbé e títí téépù á fi ka sẹ̀ǹtímítà 37 yẹn padà, kí ẹ wá dì í. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Pólì alápá méjì máa ń yí lórí irin àárín rẹ̀, nítorí náà àṣìṣe yìí kì í pa á lára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ di òun náà bákan náà.

Bí ẹ ó ṣe dì í tó wà nínú ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, N·m (Newton-mítà, ìwọ̀n agbára tí a fi ń lọ́ nǹkan) ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹni tí kò ní sípánà oníwọ̀n lè fi èyí ṣírò: kí ẹ fi agbára tó tó kílò 20 tẹ ìparí ọwọ́ sípánà tó gùn tó ìdajì mítà, nǹkan bí 98 N·m nìyẹn. Dídì tí kò tó á jẹ́ kí irin àárín máa yí, á sì máa jẹ bóòtù. Ẹ óò gbọ́ "tẹ́" kan nígbà tí ẹ bá tẹ bírékì. Àdìjù á na bóòtù. Nọ́ọ̀tì tó ní ìdìmú nínú (èyí tí kì í jẹ́ kí ó tú fúnra rẹ̀), ẹ má ṣe lò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tó kù

Ẹ pààrọ̀ tọ̀tún tòsì pọ̀. Bọ́ṣì tuntun lápá kan àti ògbólógbòó lápá kejì á jẹ́ kí ọkọ̀ máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà bírékì. Aláíníméńtì, ìyẹn títún ẹnu táyà ṣe kó lè tọ́, lẹ́yìn bọ́ṣì ni, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà lọ, ẹ tún rà á bọ̀: bó bá ń ha ọwọ́ bí ayùn ní ìhà kan ṣoṣo, ẹnu táyà kò tọ́.

Gírísì onísílíkónì nìkan ni ti pólì. Bí ọyẹ́ bá dé tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké "kíín, kíín", eruku ti gba ojú gírísì náà nìyẹn. Ẹ tú u, ẹ nù ún, ẹ tún un pa.

Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń fọ ọkọ̀. Ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́mù (ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò) tí wọ́n máa ń fọ́n sábẹ́ ọkọ̀ kó lè dúdú kó sì máa dán, orí bọ́ṣì ló ń balẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì tó ń jò láti ara ẹ́ńjìnnì: ẹ dí i kí ẹ tó náwó sórí rọ́bà tuntun.

Kí ẹ tó wa ọkọ̀ jáde, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó jókòó lé. Lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́, bóyá Kàbà sí Lọ́kọ́jà lálọ àti àbọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí ìlà náà bá ti já sí méjì, nọ́ọ̀tì ti yí. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lórí táyà rẹ̀, kí ẹ tún un dì.