Sítọ́ọ̀ ẹ̀yìnkùlé: ẹ má ri igi mọ́lẹ̀ o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ kan sítọ́ọ̀ kékeré sẹ́yìnkùlé, ẹ má ri òpó igi mọ́lẹ̀, orí búlọ́ọ̀kù ni kẹ́ ẹ gbé gbogbo ẹ̀ lé. Ẹ to búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì 6 kó dọ́gba, kẹ́ ẹ wá gbé pálẹ́ẹ̀tì àlòkù (pákó tí wọ́n kàn pọ̀, tí wọ́n máa ń to ẹrù lé) lé e, ilẹ̀ ẹ̀ nìyẹn, ẹ ò ní ra pákó tuntun rárá. Atẹ́gùn á máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, igi ò ní tètè jẹrà, tí ikán bá sì fẹ́ gòkè, ó sábà máa ń fi yẹ̀pẹ̀ la ọ̀nà sára búlọ́ọ̀kù, ẹ lè rí i kẹ́ ẹ ha á dànù. Àmọ́ níbi tí ìjì ti máa ń jà, sítọ́ọ̀ náà ò lè dá dúró bẹ́ẹ̀ o, ẹ da kọnkéré pẹ̀lú irin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kẹ́ ẹ fi wáyà de sítọ́ọ̀ náà mọ́ irin yẹn.